Bí Làsísì Ṣe Fi Ilé Gba Àgbò Kan Là

Ẹ bá mi kí Ọ̀gbẹ́ni Làsísì Ọláyínká, Baba Ọ̀dọ́, Akọ̀wé Àgbà Ẹgbẹ́ Iṣẹ́-Ń-Bọ̀, ọkùnrin tó so táì mọ́ agbádá. Bí ẹ kò bá kí i báyìí, kò ní í dá yín lóhùn. Mo ti dán an wò rí. Mo ní, "Làsísì, ẹ káàárọ̀." Ó gbójú sókè bí ẹni tó ń retí òjò. Mo ní, "Akọ̀wé Àgbà, ẹ káàárọ̀ o." Kíá ló yíjú sí mi: "Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ò rí i pé ọ̀làjú ti ń wọ Agége!"

Iṣẹ́ wo ni Làsísì fúnra rẹ̀ ń ṣe? Ìbéèrè yẹn gan-an ni a kì í bi í. Ó ti ṣe mẹ́séńjà rí ní ọ́fíìsì kan l'Ékòó. Ó gbé fáìlì láti yàrá kan lọ sí èkejì fún ọdún bíi mélòó kan, ó sì ti ibẹ̀ kó ìwà ọ̀gá wá sílé láìkó ipò ọ̀gá. Akoto òyìnbó wà lórí rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Gègé ìkọ̀wé mẹ́ta ló máa ń wà lápò àyà rẹ̀, tàdáwà kò sì sí nínú ọ̀kankan. Mo mọ̀, nítorí mo yá ọ̀kan lọ́jọ́ kan, mo fi fa ìwé ya.

Aránṣọ ni èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi ló kọjú sí ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1957 ni. Katakata ń hú igbó lọ ní Ìkẹjà lọ́hùn-ún, gbogbo ẹnu ló sì ń sọ pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní ọ̀kan máa ṣe ọṣẹ, òmíràn máa ṣe ọ̀dà, òmíràn máa ṣe bisikíìtì. Àwọn ọmọ tó ti ka ìwé mẹ́fà tán kún àdúgbò wa bámúbámú. Wọn kò fẹ́ lọ oko mọ́, ọ́fíìsì kò sì tíì pè wọ́n. Làsísì wò wọ́n báyìí, ó wo ilẹ̀ rẹ̀ tó ṣófo, ó tún wò wọ́n.

Ló bá dá Ẹgbẹ́ Iṣẹ́-Ń-Bọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọ̀dọ́!" Ó gun orí àpótí, akoto lórí. "Òyìnbó tó ń bọ̀ wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kò fẹ́ ìwé mẹ́fà yín o. Ohun tí yóò bi yín ni pé, kí lẹ ti ṣe fún ìlú? Ẹni tí kò bá ti ṣe iṣẹ́ ìlú, kó lọ máa ta guguru. Nítorí náà, a ó kọ́ Gbọ̀ngàn Ọ̀dọ́. Bí a bá ti kọ́ ọ tán, èmi fúnra mi ni n óò fà yín lé òyìnbó lọ́wọ́."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Wọn kò béèrè pé ibo ni Làsísì ti mọ òyìnbó. Ẹni tó ń so táì mọ́ agbádá, ó yẹ kó mọ ẹnìkan.

Nínú wọn ni Nùréènì wà, ọmọ tó gbọ́n, tó lágbára, tí ìfẹ́ ti wá fọ́ lójú. Sàídátù ló fẹ́ fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ni Sàídátù. Ó ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ tán pátápátá, kò kàn rówó ra ẹ̀rọ tirẹ̀ ni. Baba ọmọbìnrin náà, Bàbá Dàwódù, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Wọ́n ní, "Nùréènì, o níwà. N kò fi ọmọ mi fún ìwà. Kí Iléyá tó dé, kí n rí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, akọ̀wé reluwé kan wà tó ti ń kí mi kíkí àna."

Ẹnìkan ti fún Nùréènì níṣẹ́ ní ìsọ̀ obì nídìí reluwé. Ó lọ sọ fún Làsísì. Làsísì di orí mú.

"Obì kẹ̀? Kí òyìnbó wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kó rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ pọ́n? Mai frẹ́ndì, o fẹ́ ba ara rẹ jẹ́!"

Ọmọ náà kọ iṣẹ́ obì. Inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ ń po amọ̀, wọ́n ń ru amọ̀, ògiri ń ga. Àwọn òbí náà kò gbẹ́yìn, nítorí ta ni kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí iṣẹ́ òyìnbó? Eléyìí gbé páànù wá, tọ̀hún gbé igi. Bàbá Dàwódù pàápàá gbé ilẹ̀kùn méjì wá. Làsísì ń rìn kiri lábẹ́ agbòòrùn, ó ń pariwo "Dísípílìn! Dísípílìn!" sí ẹni tí kò dáwọ́ dúró.

Bí ó bá rí i pé ó rẹ̀ wọ́n, ó ní oògùn rẹ̀. Pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Bí ọkọ̀ bá ń balẹ̀, orí wa ló ń gbà kọjá.

"Ẹ wòkè! Àwọn òyìnbó tó ni ilé iṣẹ́ ló wà nínú ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n ń ṣa òṣìṣẹ́!"

Ẹ ò rí nǹkan! Bí ọkọ̀ òfurufú bá ti hó báyìí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó á fò dìde, á gbé amọ̀ karí, á máa sáré, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ojú ọ̀run. Ọkọ̀ á kọjá tán, wọ́n á sọ amọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Nùréènì tilẹ̀ fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sẹ́yìn síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí òyìnbó má baà ṣi ẹlòmíràn mú. Ìyá rẹ̀ fọ síńgílẹ́ẹ̀tì náà títí, ọ̀dà kò kúrò.

Nígbà tí ògiri dé ọrùn, ọmọ náà wá ní ìbéèrè kan.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni gbọ̀ngàn ń fi yàrá mẹ́rin ṣe?"

"Ọ̀dọ́ kì í sùn ni?"

"Ilé ìdáná ẹ̀yìn yìí ńkọ́, sà?"

"Ọ̀dọ́ kì í jẹun ni?"

"Ibi tí ẹ ní ká ṣe fún ìyá ìyàwó yín ńkọ́?"

Làsísì bọ́ akoto, ó nu orí, ó tún dé e padà. "Nùréènì, ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu rẹ jù. Òyìnbó kì í gba oníbéèrè síṣẹ́." Ọmọ náà lọ gbé amọ̀.

Ó wá ku òrùlé. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí a bá kan òrùlé, onílé ló ń bọ́ gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́. Káfíńtà kì í kan páànù ìkẹyìn títí oúnjẹ yóò fi jáde. Á sọ̀ kalẹ̀ ni, á jókòó sídìí àkàbà, á máa wo onílé lójú. Oúnjẹ òrùlé yẹn la fi ń mọ ẹni tó nilé. Ẹni tó bá sè é, òun ló nilé.

Làsísì sì ní àgbò kan lẹ́yìnkùlé ibi tó háyà. Máníjà ló sọ ọ́. Ọṣẹ olóòórùn dídùn ló fi ń wẹ̀ ẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá ìjọba bá ti Ìbàdàn wá kí òun lòun máa pa á. Máníjà sanra débi pé bó bá ń rìn, ikùn rẹ̀ ń gbálẹ̀. Gbogbo wa mọ Máníjà. Gbogbo wa sì ti fi ọkàn pín in ṣáájú ọjọ́ òrùlé. Apá ni èmi ń retí.

Ọjọ́ pé. Lémọ́mù Shuaib wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà àdúgbò. Wahab, olórí àwọn káfíńtà, kan páànù títí ó ku ẹyọ kan. Ó gbé òòlù sí èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sídìí àkàbà.

"Onílé dà o?" ni Wahab wí.

Làsísì wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá wí.

"Onílé kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Páànù ku ẹyọ kan. A ń retí onílé. A sì ń gbọ́ ohùn Máníjà láti ìhín."

Mo rí Làsísì. Mo rí bí ó ṣe wo òrùlé, tó wo àwọn ènìyàn tó jókòó rẹpẹtẹ, tó sì tẹ́tí sí àgbò tó ń ké. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ tí n kò ní í gbàgbé láyé.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé yìí kò ní onílé. Iṣẹ́ ìlú ni. Ìlú ló nilé. Ta ni yóò wá bọ́ ìlú? Ṣé ìlú á bọ́ ara rẹ̀ ni?"

Lémọ́mù Shuaib gbọ́n, wọ́n sì máa ń fara balẹ̀. Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn sọ́wọ́ kejì.

"Làsísì, ìwọ kọ́ lo nilé yìí?"

"Èmi kọ́, Bàbá."

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ilẹ̀, ògiri, páànù, gbogbo rẹ̀ pátá. Ìlú!"

"Bí ẹnìkan bá wá lọ́la tó ní ilé òun ni?"

"Kí Ọlọ́run mú un!" ni Làsísì ké. Ọ̀rọ̀ ti ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Lémọ́mù ní kí gbogbo wa tẹ́wọ́. Wọ́n ka Fátíhà, wọ́n fi ilé náà lé Ọlọ́run àti ìlú lọ́wọ́, a ṣe àmín, a fi ọwọ́ pa ojú. Àmín Làsísì ló ròkè jù. Wahab padà gun òkè, ó kan páànù ìkẹyìn pẹ̀lú ebi. Ilé gbogbo wa la ti lọ jẹun. Máníjà sì sùn láyọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo rí bẹ́ẹ̀dì lórí ọmọlanke. Mo rí àga, ìkòkò, àpótí aṣọ, àti Ojúọlápé ìyàwó Làsísì, tí ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹní lábẹ́ apá. Wọ́n kó wọ Gbọ̀ngàn Ọ̀dọ́.

"Akọ̀wé Àgbà," mo ké láti ojú fèrèsé, "ṣé ẹ ti kó dé ni?"

"Mò ń ṣọ́ ọ fún ìlú ni o!" ló dáhùn. "Kí olè má baà wọ̀ ọ́."

Àwọn ọmọ tún wá béèrè iṣẹ́. Ó ní òyìnbó wà lórí omi. Wọ́n tún padà wá. Ó ní òyìnbó ti gúnlẹ̀ ṣùgbọ́n ibà ń ṣe é. Iléyá ń sún mọ́lé. Akọ̀wé reluwé ti ń gbé ẹja wá fún Bàbá Dàwódù. Sàídátù ń ran aṣọ lójú mi, ó ń sunkún, ó ń tú u, ó tún ń ran án. Nùréènì padà lọ sí ìsọ̀ obì. Wọ́n ní àwọn ti gba ẹlòmíràn. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ́lé fún ẹlòmíràn, n kò sì ní ìyàwó tí mo lè gbé wọlé."

Ìgbéraga ni Làsísì ṣì ń gbé kiri ní tirẹ̀. Ó lọ kí ẹbí kan ní Ìbàdàn. Nígbà tó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, obìnrin kan tó wọ gíláàsì jókòó kọjú sí i. Obìnrin náà kò ju pé ó kí i lọ. Kí ọkọ̀ tó dé Abẹ́òkúta, Làsísì ti sọ fún un pé òun lòun kó ọ̀dọ́ Agége jọ, òun lòun fi iṣẹ́ ìlú kọ́ gbọ̀ngàn fún wọn, pé òun kò mú ẹyọ páànù kan níbẹ̀ bíi tòun, pé ìjọba kàn ń sùn ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ì bá ti fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ òun lọ́rùn.

"Ohun tí ẹ ṣe yìí ga o," ni obìnrin náà wí. "Adébísọ́lá Adégbénró ni orúkọ mi. Iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ni mò ń ṣe fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. N óò wá wò ó ní ọjọ́ Àlàmísì."

Ẹlòmíràn ì bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Làsísì kò bẹ́. Àmì ẹ̀yẹ nìkan ló gbọ́. Ó lu agogo káàkiri Agége pé ìjọba ń bọ̀ wá yẹ́ òun sí, kí gbogbo ayé jáde. Gbogbo ayé jáde lóòótọ́. Ó háyà ayàwòrán, ó sì dúró síwájú ilé láti òwúrọ̀, ó na ọrùn síwájú kí ó lè rọrùn láti fi nǹkan kọ́ ọ.

Mísì Adégbénró dé pẹ̀lú ọkọ̀ ìjọba méjì. Kò gbé àmì ẹ̀yẹ kankan dání. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà nínú ọkọ̀ kan. Ayùn, òòlù àti pátákó ìkọ̀wé ló wà nínú èkejì.

"Ẹ jẹ́ ká wo inú gbọ̀ngàn," ló wí, ó sì wọlé. Àwa náà rọ́ tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀dì wà ní yàrá kìn-ín-ní, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa.

"Kí nìyí?"

"Fún... fún ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ ìlú bá rẹ̀," ni Làsísì wí.

A dé ilé ìdáná. Ojúọlápé ń ro ọkà lọ́wọ́.

"Ìyẹn ni olùkọ́ oúnjẹ sísè," ni Làsísì wí. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó gbé orógùn sókè.

Àgbò wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ẹ̀kọ́ ẹran ọ̀sìn," ni Làsísì wí, òógùn sì ti ń ṣàn gba abẹ́ akoto.

Nínú yàrá ìkẹyìn, ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí ẹní, wọ́n ń run orín ewúro.

"Bàbá, ta ni Màmá yìí?"

Làsísì tún táì rẹ̀ ṣe. "Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ àgbà."

"Ẹ̀kọ́ àgbà!" Inú Mísì dùn dé ọrùn. "Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ kọ́ ìwé?"

Ìyá àgbà yọ orín lẹ́nu. "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́. Wọ́n ní ọkọ ni kí n lọ fẹ́."

Mísì Adégbénró jáde sí gbangba, ó dojú kọ èrò. "Ẹ̀yin ará Agége, n kò rí irú èyí rí. Láti òní lọ, ìjọba máa bá yín fi gbọ̀ngàn yín ṣiṣẹ́. Ilé yìí ní láti ṣófo kí ọ̀sán tó pọ́n, ká lè kó ẹrù wọlé."

Ibẹ̀ ni okùn ja mọ́ Làsísì lọ́wọ́. Ó bọ́ akoto sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà.

"Kó ṣófo bíi ti báwo? Ilé mi ni! Èmi ni mo nilé mi!"

Èrò hó yèè. Lémọ́mù Shuaib rìn bọ́ síwájú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Làsísì, àmín tí a jọ ṣe ńkọ́?"

"Bàbá, nítorí àgbò ni mo ṣe sọ ọ́!"

"Nítorí kí ni?" ni Mísì béèrè.

"Nítorí àgbò!" Ó na ìka sí Máníjà. "Wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́!"

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, mo gbà pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfurufú gbọ́ ọ. Wahab jókòó sílẹ̀ pátápátá. Lémọ́mù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kò burú," ni wọ́n wí. "Bó bá jẹ́ ilé rẹ, a jẹ́ pé àáró ni àwọn ọmọ yìí bá ọ ṣe. O mọ àáró. Wọ́n po amọ̀ fún ọ. Ìwọ náà yóò po amọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn títí ilé oníkálùkù yóò fi gba òrùlé. Bó bá sì jẹ́ ti ìlú, o ti bọ́. Èwo ni?"

Làsísì wo àwọn ọmọ náà. Wọ́n pọ̀, igbọnwọ́ wọn sì tóbi. Ó wo bàtà funfun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ayàwòrán ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìlú ló nilé," ló wí, bí ẹni tí eyín ń dùn.

Mísì Adégbénró kò fi àkókò ṣòfò. Ó ní ìjọba yóò gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbówó oṣù: ẹni tí yóò máa bójú tó gbọ̀ngàn àti ọ̀dọ́ ibẹ̀, ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ, àtàwọn tí yóò ran Wahab lọ́wọ́ láti kọ́ni ní iṣẹ́ igi. Ó ní nínú àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn àti ará àdúgbò lòun ti máa mú wọn. Ó wo ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì kan.

"Ta ni Nùréènì?"

Ọmọ náà dojú bolẹ̀. Nígbà tó dìde, Mísì ti fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lé e lọ́wọ́. Mo ti Sàídátù síwájú, mo ní, "Olùkọ́ ìránṣọ rè é, èmi ni mo kọ́ ọ." Bàbá Dàwódù sì ń bá gbogbo ènìyàn bọwọ́, wọ́n ń pe Nùréènì ní "àna mi". Mo sunkún. Kí ló kàn yín?

Ọ̀sán pọ́n. Ojúọlápé di ẹrù tirẹ̀, ó sì gbé e lọ láìwo ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ kò mira. Wọ́n ní àwọn kò tíì rí ábídí kọ́, ẹni tó bá fẹ́ lọ kó máa lọ. Ó wá ku Làsísì, bẹ́ẹ̀dì, àti àgbò. Akọ̀wé Àgbà gbé bẹ́ẹ̀dì karí, bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ sí ọ̀tún. Ó so okùn Máníjà mọ́ ọwọ́, Máníjà kọ̀, ó jókòó. Níwájú gbogbo Agége, ọ̀kan ń fà síwájú, ọ̀kan ń fà sẹ́yìn, táì ti yí lọ sẹ́yìn ọrùn.

Ó rí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Iṣẹ́-Ń-Bọ̀ tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́!" ló ké lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Nùréènì! Ẹ dákun, ẹ wá bá mi gbé e."

Nùréènì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọ̀wọ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá," ló wí. "A wà lẹ́nu iṣẹ́."